Oúnjẹ Ìlera Ówọ́njù

"Pòòòòòò!"

Fèrè bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ tún ti dún fúnra rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ níwájú, kò sí oníkẹ̀kẹ́, ewúrẹ́ pàápàá kò sọdá. Ikùn awakọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń yí kọ́nà.

Àwọn tó jókòó sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà ń fi ọwọ́ kan ti ikùn sápá kan, bí ẹni ń ti ọmọ tí kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ówọ́njù ni wọ́n ń pe awakọ̀ yìí, torí kò sí ohun tí wọ́n dá iye lé tí kò ní sọ pé ó wọ́n jù. Ẹ fi ọṣẹ hàn án, ó wọ́n jù. Ẹ fi iyọ̀ hàn án, ó wọ́n jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé omi ọ̀fẹ́ fún un, iye tí wọ́n ń ta ife ló kọ́kọ́ bèèrè. Ahun gan-an tó bá rí i, á ṣí fìlà fún un.

Ṣùgbọ́n tó bá di oúnjẹ ọ̀fẹ́, háà! Ọjọ́ ìbí ọmọ ẹlòmíràn, ìpàdé ilé iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń sin akọ̀wé tó fẹ̀yìn tì sílé, kò sí èyí tó fò ó. Ibẹ̀ ló ti kó ikùn náà jọ. Kọ́bọ̀ rẹ̀ kan ò sí nínú ikùn yẹn.

Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ló ká a mọ́. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n ké "kíìn!" bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù.

"Awakọ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Tí ikùn yìí kò bá kúrò lára fèrè kí ẹ tó padà wá wọ̀n, màá sọ fún ọ̀gá. Ẹ ò ní wa bọ́ọ̀sì mọ́. Ẹnu géètì lẹ ó wà."

"Géètì kẹ̀? Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ mọ ọkọ̀ wà. Òun ló máa gba kọ́kọ́rọ́."

Ara Ówọ́njù bù máṣọ. Ẹ̀ṣọ́ géètì yẹn! Ẹni tí òun ń fọn fèrè lé lórí láràárọ̀, tí òun ń pè ní ọ̀lẹ, tí òun ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ ìgbín. Kí ìyẹn wá jókòó sórí àga òun, kí òun máa sáré ṣí géètì fún un? Ikú yá jẹ̀sín!

"Nọ́ọ̀sì, kí wá ni kí n máa jẹ?"

"Ẹ̀wà. Ẹja. Ọkà tí wọn ò bó. Ẹ̀fọ́ dáadáa."

"Ó wọ́n jù!"

"Ẹ dín òróró kù, ẹ dín ṣúgà kù."

"Ó wọ́n jù!"

Nọ́ọ̀sì ranjú mọ́ ọn. "Dídín kù náà wọ́n?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ìtìjú gba ilé ìtajà oúnjẹ lọ. Ó gbé ẹja wò, ó bèèrè iye rẹ̀, ó dá a padà bíi pé ẹja náà bú u. Ó bọ́ sídìí ẹ̀fọ́, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, ó ń dúnàádúrà, títí ewé fi rọ wọ́jọwọ́jọ sí i lọ́wọ́.

Obìnrin tó ń tà á kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Bàbá, bí ẹ ò bá rà á, ẹ jẹ́ kó kú pẹ̀lú àlàáfíà."

Ó jáde, ó ń kùn. Ẹgbẹ́ ilé ìtajà náà gan-an ni ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà, tí wọ́n to àpò gègèrè síwájú rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ṣíṣí. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀. Àgbàdo lílọ̀. Ẹ̀wà sóyà. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná. Ó bèèrè iye rẹ̀.

Ó di ara ògiri mú.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ọkùnrin yìí, nǹkan kan ò wọ́n jù!

"Ọkà wà níbẹ̀, ẹ̀wà wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀," ló ń sọ fún ara rẹ̀. "Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì kà, àpò kan ṣoṣo!"

Àwòrán adìẹ gàgàrà wà lára àpò náà o. Ó rí i, ojú rẹ̀ ò fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọgbọ́n tó gbọ́n: ta ló rí adìẹ tí ikùn rẹ̀ ń tẹ fèrè ọkọ̀ rí? Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ dákun, ẹ bá mi di àyà mú!

Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ yọjú. "Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá. Adìẹ lẹ̀ ń sìn?"

"Wọ́n pọ̀ díẹ̀," ni Ówọ́njù wí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa yé ni, àbí ẹ fẹ́ tà wọ́n?"

"Èwo ni owó rẹ̀ wálẹ̀ jù?"

"Oúnjẹ èyí tí wọ́n fẹ́ tà."

"Títà ni mo fẹ́ tà wọ́n."

Kò bèèrè ìdí. Òpònú kì í bèèrè ìdí, iye ló máa ń bèèrè.

Ó da nǹkan náà sínú àpò ìrẹsì àtijọ́, ó gbé e wọlé. Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin náà gbójú sókè láti ìdí maṣíìnì.

"Kí lẹ rù délé yìí, bàbá wọn?"

"Oúnjẹ ìlera. Àwọn olówó ló ń jẹ ẹ́. Má fọwọ́ kàn án o!"

Ìyàwó yọjú sínú àpò. Ó fa imú fíì. Ó sì padà sídìí maṣíìnì rẹ̀. "Ẹ máa jẹ ìlera yín lọ. Èmi á jẹ àìsàn tèmi."

Bí Ówọ́njù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Á da omi lé e, á rò ó, á máa hó gùlọ̀gùlọ̀ lórí iná. Láàárọ̀, abọ́ kan. Lọ́sàn-án, abọ́ kan. Lálẹ́, abọ́ méjì, torí ohun tí kò bá ti wọ́n kì í yó o. Tí àpò bá tán, á lọ ra òmíràn. Kò bu síbí kan fún ẹnikẹ́ni.

Ó tún wá sọ ara rẹ̀ di oníwàásù níbi iṣẹ́. Tí akọ̀wé kan bá mú búrẹ́dì jáde báyìí, á ti dúró lé e lórí. "Ẹ ń fowó yín ra ikú! Ẹ wo èmi!"

Wọ́n wò ó. Wọn ò rí ohun tó fẹ́ kí wọ́n rí. Fèrè bọ́ọ̀sì tó ń dún ní kọ́nà nìkan tẹ́lẹ̀ ti wá ń dún lójú ọ̀nà tó tọ́ gbọọrọ.

Nílé, ìyàwó ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ó tú ìdí ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́. Láìpẹ́, fàáààà! Ó tún ti ya.

"Bàbá wọn, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń sanra sí i?"

"Iṣan ni!"

"Iṣan wo ló ń hù nídìí?"

"Rán an, má yọ mí lẹ́nu!"

"Aṣọ ti tán lára ẹ̀. Ẹ ra òmíràn."

"Ó wọ́n jù!"

Ni obìnrin náà bá mú àjákù kọ́tínnì olódòdó, ó gé e, ó fi lẹ ìdí ṣòkòtò náà láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ wa ṣe ń gbé òdòdó pupa kiri lẹ́yìn, tó sì ń gbé orí sókè bí ọba.

Ọjọ́ wíwọ̀n pé. Ówọ́njù fi ẹ̀rín wọlé, ó bọ́ bàtà, ó gorí ìwọ̀n.

"Kíìn… kíìn… gbàù!"

Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n yí po, ó sì dákú.

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ lérí. "Awakọ̀! Kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Ọkà, nọ́ọ̀sì! Sóyà! Ẹja! Mo fi ìyá tó bí mi búra!"

Ìyá tó ti kú tipẹ́, ẹ wo bó ṣe ń wọ́ ọ jáde láti inú sàréè. Nọ́ọ̀sì ò gbà á gbọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ géètì. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ówọ́njù ló di irin géètì mú, tó ń fà á, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Awakọ̀ tuntun yọrí lójú fèrèsé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ fèrè.

"Pòòòòòò! Ẹ yára, ọ̀gá!"

Ó délé, ó ju ara rẹ̀ sórí àga, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tó fi ń yangàn ti lọ. Ó sì dùn ún dọ́kàn. Ibi tó ti ń sunkún ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ta oúnjẹ adìẹ ni, òun àti ọkùnrin kan tó gbé àgò adìẹ ńlá lọ́wọ́.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà. Wọ́n ní ibí ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń gbé. Oníbàárà mi dáadáa ni wọ́n, ni mo ṣe mú ẹni tó ń ra adìẹ wá fún wọn. Àwọn adìẹ yín ti tó tà."

"Adìẹ wo?" ni ìyàwó bèèrè.

"Èyí tí wọ́n ń bọ́ nílé. Oúnjẹ tó ń mú adìẹ sanra ni wọ́n ń rà lọ́dọ̀ mi. Àgbàdo, sóyà, ẹja lílọ̀. Adìẹ tó bá jẹ ẹ́ débí yìí, ẹ má ṣe pẹ́ kí ẹ tó tà á, mà. Tó bá sanra jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé e mọ́."

Ìyàwó wo àpò ìrẹsì ní kọ̀rọ̀. Ó wo ìkòkò. Ó rọra yíjú wo ọkọ rẹ̀ tó ń gbìyànjú láti dìde kó sá wọ yàrá. Ó sún díẹ̀, pàà! Àga tún gbà á padà.

Ẹ̀rín gbé obìnrin náà ṣubú lé maṣíìnì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi apá aṣọ oníbàárà nu ojú.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀kan ṣoṣo la ní. Òun ló jókòó yẹn."

Ẹni tó ń ra adìẹ kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ó gbé àgò kalẹ̀. Ó yí Ówọ́njù po, ó wò ó lórí, ó wò ó lẹ́sẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ itan rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló mi orí, ó tún gbé àgò rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Èyí ti gbó jù. Ẹran rẹ̀ á yi."