Àwẹ̀ Párì tí Àlhájì Sùlù Gbà

Bí ẹ bá fẹ́ kí Àlhájì Sùlù dín owó aṣọ fún yín ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Dar es Salam, àdúgbò kan ní Niamey, ẹ má ṣe pè é ní Sùlù lásán. Ẹ pè é ní Ọkọ Gíńnì. Ẹ pè é ní Afínjú tí ń dá òòrùn Niamey lójú padà. Ẹ wá fi Òkè-òkun-mọ̀-mí kádìí rẹ̀, kí ẹ sì máa wo bí àyà rẹ̀ á ṣe wú bí ẹ̀kọ tó ń hó. Bẹ́ẹ̀, òkun kan ṣoṣo tó rí láyé rẹ̀ ni ti Kútọnu, níbi tó ti lọ gba ẹrù. Ọdún tó lọ sí Mẹ́kà, àwa kò mọ̀ ọ́n. Òun náà kò sọ.

Ní ọdún tó tẹ̀lé ìdìbò, nígbà tí àwòrán àwọn olóṣèlú ṣì ń já bọ́ lára ògiri, ó dìde ní ìpàdé àwa ọmọ Ìlọrin tó ń gbé Niamey, ó ní òun ń kó lọ sí Párì. Ó ní àwọn olóṣèlú ló ń ṣèlérí, òun ń lọ ni. Álífà Àbdùlqúdùs, aṣáájú wa, ṣe àdúà fún un. Ìyá Hàwáù di ọ̀rá kílíṣí méjì fún un kó bá òun fún ọmọ òun tó ń kàwé lọ́hùn-ún. Mọ́tò mẹ́ta la fi sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú.

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ọwọ́ oníjìbìtì ni Àlhájì ti ra físà rẹ̀, nítorí pé ti òótọ́ ń pẹ́. Òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹ ìwé náà wò níwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó ní kí ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn tó ń lọ ráyè kọjá.

Ì bá padà wá bá wa. Físà ti kọ ọ̀pọ̀ nínú wa, kò sì sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí mọ́tò mẹ́ta sìn, báwo ni yóò ṣe fi takisí kan padà? Àlhájì yára kọjá afárá Kẹ́nẹ́dì, ó háyà yàrá kan ní Harobanda lódìkejì odò, ó sì di ará Párì níbẹ̀. Kílíṣí Ìyá Hàwáù ló jẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Gbogbo rẹ̀ ì bá máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí kì í bá ṣe ti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ewé tí ẹgbẹ́ wa ń lò níbẹ̀ máa ń kọ orúkọ ìlú tí ènìyàn wà sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àlhájì kọ̀wé pé òtútù Párì ti wọ òun léegun. Abẹ́ ọ̀rọ̀ náà ni «Niamey» jókòó sí gbọ̀ọ̀rọ̀. Adédùntán, ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní àdúgbò Plateau níhìn-ín, béèrè pé kí ló fa èyí. Àlhájì fèsì pé fóònù òun kò tíì mọ̀ pé àwọn ti rìnrìn-àjò.

Ní ọjọ́ kejì ó sá lọ bá Rùqáyyà, obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí yunifásítì. Ó ní iṣẹ́ àṣírí lòun ń ṣe, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa mọ ibi tóun wà. Rùqáyyà bá a fi VPN sórí fóònù. Ó ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ gba ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lọ bá ẹ̀rọ kan ní Párì, ẹ̀rọ yẹn ni yóò wá bá a jíṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá gbà á á rò pé Párì ló ti wá. Ó tún pa ohun tó ń tọ́ka ibi tí fóònù wà.

Láti ọjọ́ náà, Párì ló ń hàn lábẹ́ ọ̀rọ̀ Àlhájì. Ó ń kọ́ wa bí a ti ń rìn ní ìgboro, bí a ti ń di ṣíbí mú. Ó gbé fóòmù dí fèrèsé pa, kí ohùn ládàánì, igbe ewúrẹ́ àti fèrè takisí Harobanda má baà bá a dá sí ọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń pè wá.

Oṣù àwẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ tó ń pe ìrun wà nínú fóònù rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ti gbà pé Párì ni ọ̀gá òun wà. Ní àkókò yẹn nínú ọdún, òòrùn Párì máa ń lò tó wákàtí kan dín díẹ̀ lẹ́yìn tiwa kó tó wọ̀, ó sì máa ń tètè yọ. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni Àlhájì fi gba àwẹ̀ Párì nínú ooru Niamey. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó jáde lọ ra omi tí yóò fi ṣínu, ó bá gbogbo àdúgbò tí wọ́n ti jẹun tán, tí wọ́n ń ta eyín.

Ó padà tọ Rùqáyyà lọ. Ètè rẹ̀ ti funfun.

Ó ní, “Párì yìí fẹ́ pa mí.”

Rùqáyyà pè é ní bàbá lédè Faransé, ó ní, “Tọ́ńtọ̀n, ẹ̀yin lẹ ní kí gbogbo nǹkan máa gba Párì lọ.”

Àlhájì bi í bóyá ènìyàn lè wà lọ́hùn-ún, kó sì tún wà níhìn-ín. Rùqáyyà ní ó ṣeé ṣe, VPN kò ní kí íńtánẹ́ẹ̀tì ilé má ṣiṣẹ́: kó yan èyí tí yóò gba Párì, kó fi ìyókù sílẹ̀ sí ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ojú ewé ẹgbẹ́ àti ìpè olójú-sójú gba Párì. Ìrun pípè, báńkì àti ìròyìn dúró ní Niamey. Kò ju kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àlhájì bá ará Harobanda ṣínu, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé òun ló dá íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa wá pinnu pé irú ẹni báyìí tọ́ sí oyè. A ó fi í jẹ Gíwá Ọmọ Ìlọrin ní Òkè-Òkun. Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa pé sí àgbàlá ilé kéú Álífà, a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, Adédùntán gbé ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán wá. Kósáì, àkàrà tí a ó fi ṣínu, ti jinná. Ó ku díẹ̀ kí òòrùn wọ̀ nígbà tí ojú Àlhájì yọ lára ògiri, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

Kóòtù òtútù ló wọ̀, òógùn sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ó ní iná tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ni. Ó dúpẹ́ oyè. Ó wá ní kí a má ṣe ka òun mọ́ arìnrìn-àjò mọ́: “Mo ti ra ilé síbí. Onílé ni mí ní Párì.” Ó tún ní ẹni tí kò bá gba àwẹ̀ Párì kò tíì gba àwẹ̀. Ó ní, “Àwẹ̀ ọmọdé lẹ̀ ń gbà ní Niamey.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí fóònù rẹ̀ fi pe ìrun. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ládàánì tiwa pè. Ebi kì í béèrè ọ̀nà. Àlhájì na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bísímílà, ó ju dàbínù sẹ́nu, ó fi eyín ya omi inú ọ̀rá, ó sì mu ún tán pátá lójú gbogbo wa. Kósáì dúró sí wa lọ́wọ́.

Álífà rọra béèrè pé, “Àlhájì, ṣé òòrùn ti wọ̀ ní Párì ni?”

Adédùntán ti wo fóònù tirẹ̀. Ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Àlhájì wo ọ̀rá omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun gbàgbé ni. Álífà ní ẹni tó gbàgbé kì í dúró gbọ́ ìpè kó tó jẹun. Àlhájì ní ó dáa, arìnrìn-àjò lòun, àyè sì wà fún arìnrìn-àjò. Álífà ní onílé ni, ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù là á yé e pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ jẹ àwẹ̀ lọ́sàn-án gbangba, kàfárà wà lọ́rùn rẹ̀: kó gba àwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́ léraléra, tàbí kó bọ́ ọgọ́ta tálákà. Ìyá Hàwáù fi kún un pé òun gbọ́ pé oúnjẹ wọ́n ní Párì.

Ọkùnrin tí kò bọ́ ènìyàn mẹ́fà rí ń ro ọgọ́ta. Ó ń ro ọgọ́ta ọjọ́ nínú ooru yẹn. Ó bọ́ kóòtù.

“Álífà, àwẹ̀ mi pé. Òòrùn ti wọ̀ níbi tí mo wà.”

“Níbo lẹ wà?”

“Harobanda ni.”

Ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Hàwáù ló sọ jẹ́jẹ́ pé òun ti wá mọ ìdí tí kílíṣí kò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ òun. Ìgbà náà ni àgbàlá wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn dojú dé orí ẹní, ẹlòmíràn fi fìlà bo ojú. Kódà Álífà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nígbà tó padà kọjú sí wa, ó ní àwẹ̀ náà pé, kò sí kàfárà. Ó ní irọ́ ni ó kù, ìyẹn sì ń dúró de Àlhájì níhìn-ín, kó wọ takisí máa bọ̀ kí kósáì tó tutù.

Ó wá. A ti kírun tán nígbà tó fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ wọlé, láìsí kóòtù, láìsí gíńnì. A dìde fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, àgbà àti ọmọdé, a bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, a ní, “Ẹ kú àbọ̀, Àlhájì. Ẹ kú ìrìn-àjò.” Ó sì ń dá olúkúlùkù lóhùn.