Òkúta Tó Kẹ̀yìn sí Títì

Létí títì, lẹ́bàá odò, Bíríkìlà ń fi aṣọ tútù nu òkúta gíga kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dúró. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì dé pẹ̀lú kóòtù tuntun lọ́rùn, ó wo òkúta náà lókè, ó wò ó nílẹ̀.

"Bíríkìlà, ọ̀rọ̀ tí o kọ síbẹ̀ dà?"

"Ó wà lọ́hùn-ún, sà. Ó kọjú sódò."

"Ta ni yóò máa kà á níbẹ̀, ẹja?"

"Ẹja ò lè bà á jẹ́, sà. Ẹ wo eruku títì yìí, ẹ wo oòrùn. Bí ẹ bá fọ aṣọ tó dáa, ṣé ẹ kì í yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó sá a?"

"Òkúta kì í ṣe aṣọ."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n tọ́jú ẹ̀ bí ojú mi."

Tíṣà nu iwájú orí.

"Gbọ́ mi. Àlejò tí ìjọba rán sí wa ti wà lọ́nà. Láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n fún òkúta yìí. Ìlú tó wà ní òdìkejì náà ń bẹ̀ wọ́n. Bí ọkùnrin yẹn bá dé tí kò rí i kà pé ibí ni àwọn baba wa gbà sọdá odò, yóò gbé e fún wọn."

"Kò lè gbé e, sà. Sìmẹ́ǹtì tí mo dà sídìí ẹ̀, kátapílà ò lè hú u."

"Ṣé o ò ní yí i padà ni?"

"Mo fẹ́ yí i padà tó bá gbẹ."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Ó ti gbẹ, sà."

"Yí i padà nígbà náà."

"Kò ṣeé yí mọ́. Ó ti gbẹ."

Tíṣà fọwọ́ kan òkúta náà.

"Ṣé ó tiẹ̀ dá ọ lójú pé o kọ nǹkan kan síbẹ̀?"

"Ẹ yọjú wò ó. Ẹ di òkúta mú, kò ní mì."

Tíṣà bọ́ bàtà. Ó gbá òkúta mọ́ra bí ọ̀rẹ́ àtijọ́, ó na ọrùn sẹ́yìn ẹ̀.

"Mo rí 'IBÍ NI'. Mo rí 'ÀWỌN BABA'. Ọwọ́ ẹ mà dáa o."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ sún díẹ̀ sí i, 'SỌDÁ' ló dáa jù."

Tíṣà sún díẹ̀ sí i. Odò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

"Ṣé òkúta mì, sà?"

"Kò mì," ni ohùn kan wí láti inú omi.

"Mo sọ fún yín."

Fèrè mọ́tò dún lójú títì.

"Wọ́n ti dé, sà."

"Jẹ́ kí n rí ibi gùn. Wá nǹkan sọ fún wọn."

"Kí ni kí n sọ?"

"Sọ ìtàn. Nítorí ìtàn ṣáà ni wọ́n ṣe wá."

Mọ́tò dúdú kan dúró, gíláàsì ẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn òkúta, orí pípá kan yọ, kóòtù tó ń kán omi tẹ̀lé e, ewé odò wà lọ́rùn ẹ̀ bí táì. Bíríkìlà ṣí fìlà fún àlejò.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ibí ni àwọn baba wa gbà sọdá odò." Ó nawọ́ sí Tíṣà. "Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló ń bọ̀ yìí."