Ẹmu Tí Mo Gbé Lọ sí Ilé Ọbàtálá

Bí mo bá darúgbó tí mo gbàgbé ọ̀nà ilé ara mi, ọjọ́ tí Adéwálé gbéyàwó ní Ìfọ́n kò ní kúrò lọ́kàn mi. Èmi àti Adéwálé jọ ń kọ́ni ní Ìlobùú ni. Efúnwùmí tó fẹ́ fẹ́, ọmọ ilé Ọbàtálá ni, wọn yóò sì so wọ́n pọ̀ níwájú òrìṣà, lábẹ́ igi, nínú oko bàbá àgbà rẹ̀ tó jẹ́ àwòrò òrìṣà náà. Ó ku díẹ̀ kí Bàbá yìí má gbà. Ó ní àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì máa ń fi òrìṣà ṣe yẹ̀yẹ́, àti pé bí òun bá rí yẹ̀yẹ́ kankan lọ́jọ́ náà, kí ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé wọn.

Adéwálé kìlọ̀ fún mi títí. "Aṣọ funfun ni o. Má wọ pupa, má wọ dúdú." Mo ní mo ti gbọ́. Èmi tí màmá mi jẹ́ olórí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, kí ni mo mọ̀ nípa òrìṣà ju aṣọ lọ? Ṣùgbọ́n mo rò ó pé n kò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Ní Ẹ̀rìn, mo ra ẹmu ògidì kún kẹ́ẹ̀gì kan, mo gbé e sáàárín ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi gan-an ni.

Ọ̀nà oko náà kò dára. Bí ọ̀kadà ti ń bọ́ sí kòtò ni ẹmu ń hó, nígbà tí mo sì fi débẹ̀, ó ti yọ funfun lẹ́nu kẹ́ẹ̀gì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Ọ̀fìnkìn ti dí i nímú láti òwúrọ̀, kò gbóòórùn ohunkóhun. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó rẹ́rìn-ín.

"Wàrà lo gbé wá? Ẹ ò rí i, ọmọ yìí mọ̀ pé ohun funfun ni òrìṣà ń fẹ́."

Kí n tó lanu, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó dùn mọ́ mi, mo sì dákẹ́. Adéwálé ló fà mí sẹ́yìn.

"Kí ló wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn?"

"Ẹmu ni."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Èèwọ̀ Ọbàtálá ni ẹmu. Bó bá kan ẹnu Bàbá, mo gbé."

Ká tó mọ ohun tí a ó ṣe, Bàbá ti ní kí wọ́n gbé igbá funfun wá, wàrà yìí ni òun yóò fi súre fún tọkọtaya, òun ni yóò sì kọ́kọ́ mu ún. Ó ti di ìdérí kẹ́ẹ̀gì mú. N kò mọ ìgbà tí mo fò síwájú. Mo já kẹ́ẹ̀gì gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà, mo fi àyà dì í mú bí ẹni gbé ọmọ, mo sì kẹ̀yìn sí wọn. Ibẹ̀ ni ìdérí ti ta dànù. Ẹmu tó ti ń hó láti Ẹ̀rìn tú sí mi lójú, ó gba ọrùn, ó wọ inú ṣòkòtò. Mo yọ̀ ṣubú sínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí eṣinṣin fi dé, àfi bí ẹni pé a pe àwọn náà síbi ìgbéyàwó.

Bàbá sín lẹ́ẹ̀kan, ó tún sín, imú rẹ̀ là.

"Ẹmu rèé."

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má fi ọ̀ràn mi jẹ Adéwálé níyà. N kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Ìgbà tí mo wá mọ̀, ẹ̀rù bà mí."

Bàbá wo igbá, ó wo aṣọ ara rẹ̀, ẹmu ò kàn wọ́n rárá. Ó wá wò mí. "Ìwọ tí o fi gbogbo ara gba ẹmu kó má baà kàn mí, ṣé irú ìwọ ni yóò fi òrìṣà mi ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ mú un lọ sódò, kó lọ wẹ̀. Ẹ bu omi tútù sínú igbá fún mi."

Omi tútù náà ló fi súre. Láti inú odò ni mo ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn àṣẹ, ara tù mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Aṣọ mi ò ṣeé wọ̀ mọ́, ìró funfun ìyá àgbà kan ni wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ kékeré. Bí mo ṣe wà nínú gbogbo fọ́tò nìyẹn.

Wọ́n ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè, mo bá ara mi nínú odò. Lónìí, bí wọ́n bá pè mí síbi ìnáwó, ohun tí wọn kì í mu ni mo kọ́kọ́ ń béèrè kí n tó béèrè aṣọ. Efúnwùmí gbé ọ̀kan nínú fọ́tò wọ̀nyẹn kọ́ sí pálọ̀ wọn. Bí mo bá lọ kí wọn, mo máa ń jókòó kẹ̀yìn sí i, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń lọ, mo máa ń yíjú wò ó, ẹ̀rín á sì pa mí délé.