Ilé Ìwé Tí Wọ́n Ti Ń Sáré Kí Wọ́n Tó Ṣírò

Ọjọ́rú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi kú. Èmi fúnra mi fẹ́ kó kúrò, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ojú Ọrẹ ni kò gbà. Mo wá ní kí n kúkú fẹnu ara mi sọ ọ́, torí bí Sàlíù tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣe ń sọ ọ́ kiri, irọ́ tó ti bù mọ́ ọn ti pọ̀ ju òótọ́ ibẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Géètì, irin ojú fèrèsé, àgọ́ jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀ ni mò ń jó. Mọríámọ̀ ni àkọ́bí mi, ó wà ní kíláàsì kẹrin nígbà náà. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ìṣirò kì í wọ̀ ọ́ lórí. Torí ìṣirò yìí náà ni mo ṣe mú un kúrò nílé ìwé tó wà tẹ́lẹ̀ lọ sí èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa. Gbogbo ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún ni kọ́mọ yìí mọ ìṣirò, torí mo mọ ohun tí ojú mi ti rí nídìí irin nítorí àìmọ̀ ọ́n.

Kò tíì lo táàmù kan tán níbẹ̀ tí mo fi ṣàkíyèsí pé ojoojúmọ́ ni sọ́kìsì ẹ̀ ń pọ́n bí epo. Mo pè é.

"Kí lẹ̀ ń ṣe nílé ìwé yín tí ẹsẹ̀ ẹ fi ń rí báyìí?"

"À ń sáré ni, Dádì. Tá a bá dé láàárọ̀, a ó sáré yí pápá ká, a ó máa fò títí a ó fi làágùn. Lẹ́yìn ìyẹn la ó jókòó, a ó dijú, a ó máa fọkàn bá èémí wa lọ. Ìgbà yẹn la ó tó wá ṣe mátíìsì."

"Ẹ ó dijú? Àdúrà wo lẹ̀ ń gbà?"

"Kì í ṣe àdúrà. A kàn ń dákẹ́ ni. Áńtí ní tí ọkàn wa bá rìn lọ, ká rọra mú un padà wá."

Inú bí mi. Mo rán ọmọ lọ kọ́ ìṣirò, eré sísá ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ṣé wọ́n máa ń kọ́ ọmọ léré sísá ni? Ọmọ tí ẹ bá rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́, ẹ ó rí bó ṣe mọ eré sá tó. Èyí tó wá dùn mí jù ni ti dídákẹ́. Ọmọ tí wọ́n pariwo ìṣirò mọ́ tí kò gbọ́, wọ́n ní kó dákẹ́ kó máa gbọ́ èémí. Mo sọ fún ìyá ẹ̀ pé tó bá di Ọjọ́ Ajé, ọmọ mi ti wà nílé ìwé kan ní Ìtẹ̀lé, níbi tí mo gbọ́ pé wọn kì í jẹ́ kọ́mọ gbórí sókè nídìí ìwé láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́.

Mọríámọ̀ bú sẹ́kún. Ó ní ibí yìí lòun ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, kí n má mú òun kúrò. Ìyá ẹ̀ ní, "Bàbá Mọríámọ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó ná." Mo ní n ó lọ. Kì í ṣe wíwò ni mo fẹ́ lọ wò, ìwé tí n ó fi mú ọmọ mi kúrò ni mo fẹ́ lọ gbà.

Bílẹ̀ Ọjọ́rú ti mọ́, mo wọ jàlàbíà funfun tí mo fi ń lọ Jímọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ ló wá. Mo bá ọ̀gá ilé ìwé lórí pápá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi fèrè kọ́rùn.

Mo ní, "Màdáámù, ìwé ni mo ní kẹ́ ẹ kọ́ ọmọ mi, ẹ wá ń fi àkókò ìṣirò ṣeré."

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló fi dá mi lóhùn. Ìyẹn nìkan ti tún bí mi nínú, torí ó rán mi létí pé n kò kí i. Ó ní, "Àkókò ìṣirò wà níbẹ̀, sà. Tára ọmọ bá ti jí, tọ́kàn ẹ̀ sì wà lójú kan, ìṣirò yẹn á tètè yé e. Ẹ bá wa ṣe tòní, lẹ́yìn náà ká jókòó sọ̀rọ̀."

Gbogbo àwọn ọmọ ń wò mí. Mọríámọ̀ wà láàárín wọn, ilẹ̀ lòun ń wò. Bàbá wo ló máa sọ pé òun ò lè sáré níṣojú ọmọ ẹ̀? Mo ní kò burú. Fèrè dún, a gbéra. Ní yíyí àkọ́kọ́, èmi ni mo wà níwájú, mo sì ń rí ara mi bí ẹni tí kò tíì pé ogún ọdún. Ní ìkejì, àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kọjá lára mi. Ní ìkẹta, mo tẹ etí jàlàbíà mi, mo sì dojú bolẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tí omi ẹ̀rọ wọn ń dà sí. Ọmọ kékeré kan dúró tì mí, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá àgbà." Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni mí.

Wọ́n ní ká jókòó, ká dijú. Mo jókòó pẹ̀lú jàlàbíà tó ti rin gbingbin. Mo ní èmi ò ní dijú, n ó máa ṣọ́ wọn ni. Ohun tí mo rántí mọ nìyẹn. Nígbà tí mo máa lajú, oòrùn ti ga, àwọn ọmọ ti ń ṣírò ní kíláàsì, èmi nìkan ni mo nà gbalaja sórí koríko, ẹnìkan sì ti fi fìlà mi bò mí lójú. Ọ̀gá ilé ìwé ní àwọn ọmọ ló bẹ òun pé kóun má jí mi, wọ́n ní bí mo ṣe ń hanrun, ó dájú pé ó ti rẹ̀ mí. Mo ní kó fún mi ní ìwé ọmọ mi. Ó ní kí n wá gbà á lọ́jọ́ kejì. Kò bá mi jiyàn rárá, ìyẹn náà sì múnú bí mi.

Mo fìbínú dé ṣọ́ọ̀bù. Géètì oníbàárà kan wà nílẹ̀ tó yẹ kí n parí. Mo wọn irin, mo tún un wọ̀n, àmọ́ gbogbo ìgbà yẹn ni mò ń to ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ fún obìnrin yẹn. Mo gé e, ó kúrú. Mo ní ilé ìwé yẹn ló fà á. Mo gé òmíràn, ó gùn jù. Mo tún ní ilé ìwé yẹn ni. Mo rojọ́ fún Sàlíù àti Ganíyù káfíńtà, wọ́n sì bá mi bínú bó ṣe yẹ kí ọ̀rẹ́ báni bínú. Ganíyù ní, "Nígbà tiwa, pàṣán ni wọ́n fi ń ṣí ọmọ lọ́pọlọ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú.

Nígbà tí Alásàárì tó, a ṣe àlùwàlá, a tẹ́ ẹní síwájú ṣọ́ọ̀bù bá a ti máa ń ṣe. Bàbá tó máa ń ṣíwájú wa ti lọ síbi ìkómọ ní Ìjù, wọ́n bá tì mí síwájú. Sàlíù àti Ganíyù tò sẹ́yìn mi, Mọríámọ̀ tó ti ilé ìwé dé sì dúró lẹ́yìn wọn nínú híjáàbù ẹ̀.

Mo kábárà. Ẹnu mi ń ka Fátíà, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lórí pápá, ó ń bá ọ̀gá ilé ìwé jà. Mo sọ gbólóhùn kan fún un níbẹ̀ tí kò rí èsì ẹ̀ fọ̀. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo tún un sọ. Mo forí kanlẹ̀, mo dìde, mo ṣì ń sọ ọ́. Bí mo ṣe dìde lẹ́ẹ̀kan báyìí, mo gbọ́ àtẹ́wọ́ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ ohun tíyẹn jẹ́. Tẹ́ni tó ṣíwájú bá ṣi ìrun kí, obìnrin á pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn kó lè mọ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n, èmi ni mo tilẹ̀ fọmọ yìí sí ilé kéwú tí wọ́n ti kọ́ ọ. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ilé ìwé yẹn ti bọmọ mi jẹ́ débi tó fi ń ṣeré lórí ìrun. Ó tún pa á. Mo pariwo Allahu Akbar kó lè mọ̀ pé mo ti ń bínú, mo sì ń bá tèmi lọ. Ó pa á lẹ́ẹ̀kẹta.

Mo sálámà tán, mo yíjú padà. Ọmọ náà jókòó jẹ́ẹ́ sórí ẹní.

"Mọríámọ̀, ṣórí ìrun lo ti ń ṣeré?"

"Ẹ má bínú, Dádì. Ráká karùn-ún lẹ dìde sí, mẹ́rin sì ni ti Alásàárì."

Mo wo Sàlíù. Sàlíù ní mẹ́rin la kí, ó dá òun lójú. Ganíyù ní mẹ́ta ni, òun tilẹ̀ ń retí pé ká dìde. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Àgbàlagbà mẹ́ta tí wọ́n ti ń kírun kí wọ́n tó bí ọmọ yìí, kò sẹ́ni tó mọ iye tóun kí. Ìgbà tọ́rọ̀ le, Ganíyù jẹ́wọ́ pé pàṣán tí tíṣà kan fi na òun lọ́jọ́sí lòun ń rò látìgbà tá a ti kábárà.

Mọríámọ̀ ní, "Ní àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ Marúwá kan kọjá. Ní ìkejì, Dádì wúkọ́, a sì jókòó. Ní ìkẹta, fóònù Bọ̀dá Sàlíù ń gbọ̀n lápò. Ní ìkẹrin, ẹnìkan ní òun fẹ́ lẹ táyà, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó lọ. Ibẹ̀ ló yẹ ká jókòó, lẹ wá dìde." Sàlíù kọwọ́ bàpò, ó wo fóònù ẹ̀. Wọ́n ti pè é lóòótọ́.

Mo bi ọmọ náà pé, "Nígbà tí gbogbo ìwọ̀nyí ń kọjá, kí nìwọ ń rò?"

"Mi ò ro nǹkan kan, Dádì. Ìrun ni mò ń kí."

Ganíyù ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo ní kó panu mọ́. Mo kọjú sí gábàsì, a forí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìgbàgbé wa, a sì tún sálámà. Ìforíkanlẹ̀ méjèèjì yẹn nìkan ni mo fọkàn ṣe nínú gbogbo ìrun náà.

Lẹ́yìn náà ni mo pè é sídìí géètì. Mo ní, "Ínṣì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nìyí. Mo fẹ́ pín in sí ọ̀nà méje." Ó dijú díẹ̀, ó mí, ó ní, "Ínṣì méjìlá-méjìlá." Mo fi tépù wọ̀n ọ́n nígbà tí kò sí nítòsí. Kò yẹ̀ rárá.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Mo kí i lẹ́ẹ̀mejì, ti ọjọ́ náà àti ti àná. Mo ní n kò gba ìwé mọ́, kí ọmọ mi máa sáré. Ó ní òun ò tíì kọ ìwé kankan, òun ní kóun kọ́kọ́ jẹ́ kínú mi rọ̀ ná. Mo bínú síyẹn náà, torí ó ti mọ̀ mí tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ìbínú kì í ṣíwájú ìrun, kì í sì í wọn irin. Ọmọ tára ẹ̀ bá ti jí, tọ́kàn ẹ̀ sì wà níbi tóun fúnra ẹ̀ wà, ìwé á wọ̀ ọ́. Èmi tí mò ń pariwo pé wọ́n ń fàkókò ọmọ mi ṣòfò, ọkàn tèmi kò sí nílé látàárọ̀. Ní báyìí, tí bàbá tó máa ń ṣíwájú wa kò bá sí nítòsí tó sì yẹ kí n ṣíwájú Alásàárì, Sàlíù á kọ́kọ́ bi mí bóyá Mọríámọ̀ ti dé. Tí n bá ní kò tíì dé, wọ́n á ní ká dúró dè é. Mo máa ń bínú sí wọn, n ó rẹ́rìn-ín, n ó sì dúró.