Ẹjọ́ Písà Tí Wọ́n Fá àti Páànù Tí Wọ́n Fọ̀

Ẹjọ́ kan wọ ààfin wa lánàá, ẹjọ́ náà sì dúdú ju ìdí ìkòkò lọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé mo pè é ní ààfin. Ilé àwọn panápaná ni, òótọ́ ni, ọkọ̀ pupa méjì ló ń sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Quarry Neck tiwa yìí, létí òkun Connecticut, bí igi ẹnìkan bá wó sí àgbàlá ẹnìkejì, kì í ṣe kóòtù là ń sáré lọ. Ọ̀dọ̀ Olóyè Leland Tuttle, olórí àwọn panápaná, là ń lọ. Akoto funfun ni adé rẹ̀, àga onírin tó ṣeé ká ni ìtẹ́ rẹ̀, àwọn arúgbó panápaná mẹ́rin tí kì í kọ kọfí sì ni ìjòyè rẹ̀.

Filomena Carrano ló pe ẹjọ́, opó ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Òun àti Sal ọkọ rẹ̀ ló fi bíríkì mọ ààrò èédú tó wà lẹ́yìn ilé panápaná, níbi tí à ń yan písà sí lọ́dọọdún nígbà ọdún panápaná. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Dwayne Kowalczyk, ọmọ Detroit, tó fẹ́ Joanie ọmọ àbúrò Filomena ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn tó sì wá ń bá wa gbé. Ọ̀la ni ọdún panápaná. Ààrò kan ṣoṣo ló wà, orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni a sì máa ń kọ sára pátákó rẹ̀. Orúkọ ta ni yóò jẹ́? Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jókòó nìyẹn.

Olóyè lu agogo.

"Àǹtí Filomena, ẹ sọ tẹnu yín."

"Olóyè, ọkùnrin yìí fá písà mi!"

"Ó ṣe kí ni?"

"Ó fá a, bí wọ́n ṣe ń fá orí ọmọ tuntun! Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo yan písà ọgbọ̀n fún ẹ̀yin àti ìdílé yín. Mo tò ó sórí tábìlì, mo ní kí n lọ pààrọ̀ aṣọ. Kí n tó dé, ọmọ yìí ti mú ọ̀bẹ, ó ti fá gbogbo dúdú etí wọn dànù. Ọgbọ̀n, Olóyè! Písà mi funfun bí ojú ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀!"

Àwọn ìjòyè mí kanlẹ̀. Láàárín wa níbí, dúdú etí písà ni iyì rẹ̀. Ẹni tí písà rẹ̀ kò bá dúdú létí, a máa ń bi í bóyá èédú ló tán nílé.

"Ẹ̀rí dà?" Olóyè béèrè.

Filomena fa ìgò kan yọ nínú báàgì. Ìyẹ̀fun dúdú kún inú rẹ̀ dé ọrùn. "Òun nìyí. Ìgbálẹ̀ ni mo fi gbá a jọ."

Orrin, àgbà ìjòyè, ṣí ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ó tún ti ìka bọ̀ ọ́.

"Orrin, ẹ̀rí lẹ̀ ń jẹ yẹn!"

"Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò ni, Olóyè. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni lóòótọ́."

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ kí a ṣe fún un?"

"Kó má fẹsẹ̀ kan ìdí ààrò yẹn mọ́. Kò sí bíríkì kan níbẹ̀ tí kò gba ọwọ́ mi kọjá sí ọwọ́ Sal. Bí orúkọ ẹlòmíràn bá gorí pátákó yẹn lọ́túnla, ẹ kúkú gbẹ́ ilẹ̀ sídìí ẹ̀ kí ẹ sin mí síbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò ṣeré.

Àgbà tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Olóyè yíjú sí Dwayne. "Ìwọ ńkọ́, ọkọ ọmọ wa? O fá písà, àbí o ò fá a?"

Dwayne dìde. Ó ga, ó fẹ̀, bí ẹni gbé kọ́bọ́ọ̀dù dúró. "Mo fá a, Olóyè. Àánú ló ṣe mí."

"Àánú ta ni?"

"Àánú Àǹtí. Mo rò pé oorun ló gbé wọn lọ nídìí iná. Mo wo písà, gbogbo etí ẹ̀ ló ti jóná. Mo ní háà, opó ni, àgbà sì ti dé, àwọn èèyàn á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kí n bo àṣírí wọn. Ọwọ́ mi bó, Olóyè, ẹ wò ó!"

"Ọdún mẹ́jọ lo ti ń jẹ písà wọn. Ṣé ọdún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ náà ni oorun fi ń gbé wọn lọ?"

"Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo kàn ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni, n ò fẹ́ sọ̀rọ̀."

Filomena fò sókè. "Èmi? Èmi sùn nídìí iná? Ìwọ tí o máa ń da ọbẹ̀ tòmátì sórí wàràkàṣì, bí ẹni wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sórí kóòtù! Ìwọ lo fẹ́ bo àṣírí mi?"

"Àǹtí, tèmi kúkú ní wàràkàṣì. Tiyín, bí èèyàn bá ní kí ẹ fi wàràkàṣì sí i, ẹ ó máa wo onítọ̀hún bí ẹni tó wá jalè."

"Tìrẹ kì í ṣe písà! Búrẹ́dì tó sanra tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni!"

"Tiyín náà kì í ṣe písà. Ìwé ni. Ìwé tó jóná!"

"Ó tó!" Olóyè lu agogo. "Dwayne, igún ṣoore, ó pá lórí. Ṣé o tún ní nǹkan sọ?"

"Mo ní i, Olóyè. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa páànù."

 Filomena ń wo àjà ilé bí ẹni tí kò rí i rí.

"Páànù wo?"

Dwayne tú aṣọ kan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa irin onígun mẹ́rin kan yọ. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọ mànà, àní Olóyè fi ọwọ́ ṣíji bo ojú.

"Páànù tí bàbá mi fi ń yan písà nìyí. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ni wọ́n ti mú un, àwọn nọ́ọ̀tì mọ́tò ló ń gbé inú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ogójì ọdún ni bàbá mi fi yan písà nínú rẹ̀, ọṣẹ kò kàn án rí. Òróró nìkan ló ń mu, títí tó fi dúdú kirimú. Bàbá mi kò fi ohun mìíràn sílẹ̀ fún mi, Olóyè. Lọ́jọ́ Ajé, mo ti ibi iṣẹ́ dé, bí mo ṣe bá a nìyí. Ẹ wò ó! Mo lè ka eyín mi nínú ẹ̀!"

 Orrin yọ ankáṣíìfù, ó nu ojú.

"Àǹtí Filomena?"

"Mo fọ̀ ọ́. Kí ló burú níbẹ̀? Páànù dọ̀tí, mo fi kànrìnkàn onírin àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, wákàtí méjì gbáko. Àánú ló ṣe èmi náà. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ kò gbọdọ̀ kú sínú ìdọ̀tí."

"Wọ́n mọ̀, Olóyè! Orin ni wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n ń fọ̀ ọ́! Ẹ bi Joanie!" Dwayne na ìka sí pátákó tó wà lára ògiri. "Ẹni tó lè fi ọṣẹ fọ páànù bàbá ẹni, kò yẹ kó di ààrò mú. Orúkọ tèmi ni kí ẹ kọ síbẹ̀."

Wọ́n pe Joanie. Ó jáde wá bí ẹni tí wọ́n pè wá bá dókítà tó ń yọ eyín.

"Joanie, ṣé o rí ọkọ rẹ nígbà tó ń fá písà?"

"N ò rí i, Olóyè."

"Níbo lo wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Èmi ni mò ń na písà sí i."

"O ń nà án sí i, o ò sì rí i?"

"Mo dijú."

"Nígbà ọgbọ̀n?"

"Mo máa ń la ojú kan díẹ̀, kí n má baà ju písà sílẹ̀."

"Ọjọ́ tí Àǹtí rẹ ń fọ páànù ńkọ́?"

"N ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn."

"Ọkọ rẹ ní o gbọ́ orin."

"Mo gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń bá wọn da ọṣẹ sí i."

Ilé hó yéè. Dwayne di orí mú. Filomena ní, "Joanie! Ìwọ náà ló na písà mi sí i?" Joanie dáhùn pé, "Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi, òun ni mò ń bá sùn. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ rán mi níṣẹ́, mo sì jẹ́ ẹ."

Ẹlẹ́rìí kejì ni Everett Ruggles. Bọ́gà ni Ruggles ń tà lójú títì, kì í ṣe èyí tí iná ń rí. Àpótí kékeré kan ló ní tí omi ń hó nínú rẹ̀, ooru omi yẹn ló fi ń se ẹran àti wàràkàṣì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìlú tirẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Ẹran náà a máa ní àwọ̀ eérú. Ó ti jẹ ẹ́ pẹ́, òun náà sì ti ń jọ ọ́.

"Ruggles, kí lo rí?"

"Mo rí Dwayne kedere, Olóyè, pẹ̀lú ọ̀bẹ ọlọ́wọ́ pupa."

"Ọwọ́ dúdú ni ọ̀bẹ mi ní," Dwayne sọ.

"Ó lè jẹ́ dúdú. Ooru omi ló bo fèrèsé ìsọ̀ mi."

"Ṣé o rí i, àbí o ò rí i?"

"Mo rí ohun kan tó tóbi. Ó lè jẹ́ Dwayne. Ó lè jẹ́ fìríìjì. Ṣùgbọ́n Olóyè, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Ta ló rán wọn sí iná? Oúnjẹ tí èèyàn bá fi ooru omi sè kì í dúdú, kò sẹ́ni tí yóò fá a..."

"Jókòó!" Filomena àti Dwayne pariwo pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ohùn wọn ṣọ̀kan láti ọjọ́ Àìkú nìyẹn, Olóyè sì gbé ojú sókè.

Wàyí o, kò sẹ́ni tí í gbé ẹjọ́ wá sí ààfin wa lọ́wọ́ òfo. Filomena gbé písà ẹlẹ́ran òkun wá, ẹran inú ìkarawun tí wọ́n fi aáyù sí, dúdú létí bí bàtà ṣọ́jà. Dwayne náà gbé ti Detroit wá nínú páànù tó yá. Olóyè ní kí wọ́n gbé méjèèjì síwájú.

"Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kálukú á jẹ ti ẹnìkejì lójú wa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ pé ó dùn, ó ti pàdánù ààrò."

Filomena wo oúnjẹ ọ̀hún bí ẹni wo ejò. Ó mú ègé igun, níbi tí wàràkàṣì ti gbẹ mọ́ irin tó sì le kókó. Ó gé e jẹ. A gbọ́ ọ *kàù* láti ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ pa dé fúnra rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ó dùn?"

"Ó wà níbẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí igun kejì.

"Dwayne?"

"Ó jóná, Olóyè." Òróró ń sọ̀ kalẹ̀ ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ká ègé kẹta sí méjì, ó tì í bọ ẹnu, dúdú ẹ̀ àti gbogbo ẹ̀.

Igun mẹ́rin ni páànù ní. Nígbà tí Filomena mú ìkẹrin, Orrin kò lè mú un mọ́ra. "Olóyè, ẹ dá wọn dúró! Àwa náà ní ẹnu!"

Olóyè lu agogo. Ojú rẹ̀ ti le. "Ẹ̀yin méjèèjì parọ́ fún mi, òróró sì ń dán létè yín. N ò ní gbé ààrò fún òpùrọ́. Ruggles!"

"Olóyè?"

"Ṣé àpótí omi rẹ lè wọ inú ààrò yẹn?"

"Á wọ̀ ọ́ rẹ́gí."

"Ó dáa. Lọ́túnla, orúkọ rẹ ni a ó kọ..."

"Ó dùn!" Filomena ké.

"Ó dùn!" Dwayne ké. Àga rẹ̀ ṣubú.

"Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́?"

Àwọn ìjòyè wo ara wọn. Orrin ní, "Olóyè, bí ẹnu kan ni mo ṣe gbọ́ ọ."

Olóyè dìde, ó gbé akoto sórí. "Ẹ jọ sọ ọ́, ẹ jọ pàdánù. Àǹtí Filomena, láti òní lọ, ààrò kì í ṣe tiyín mọ́, ti Dwayne ni. Dwayne, páànù bàbá rẹ kì í ṣe tìrẹ mọ́, ti Àǹtí Filomena ni. Dwayne, písà tiwa ni wàá máa yan nínú ààrò rẹ, o kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ kó tó dúdú. Àǹtí, ti Detroit lẹ ó máa yan nínú páànù yín, ẹ ó máa fi òróró pa á títí yóò fi dúdú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, ẹ̀yin ẹ jókòó ẹ ń bó ìkòkò. Ní ti pátákó, ẹ fi dá iná. Ẹni tó bá sì ráhùn nínú yín, bọ́gà Ruggles ni yóò máa jẹ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, títí yìnyín yóò fi bọ́."

"Olóyè," Ruggles béèrè wẹ́rẹ́, "ṣé ìyà ni bọ́gà mi?"

Olóyè lu agogo.

Mo gba ẹ̀yìn ilé panápaná kọjá láàárọ̀ yìí. Iná ti ń jó. Dwayne tẹ̀ síwájú ààrò, òógùn bò ó, ó fa písà kan dé ẹnu rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń sùn.

"Dá a padà!" Filomena pariwo sí i. "Kò tíì dúdú!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Àǹtí. Ààrò mi ni. Èmi ni mo mọ ìgbà tó máa dúdú."

Orrin ti wá bá wọn ṣiṣẹ́, ó fẹ́ ṣe dáadáa. Ó gbé páànù, ó ń gbé e lọ sídìí omi, ó ń fi ọwọ́ kejì wá kànrìnkàn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni Filomena, ṣùgbọ́n n kò rí ìgbà tó fi débẹ̀. Ó já páànù gbà, ó gbé e mọ́ àyà tòróró-tòróró.

"Ọṣẹ? Ọṣẹ nínú páànù mi? Orrin, irú ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ẹ?"