Ọṣẹ Tó Dì Nínú Ìwé

Ẹjọ́ ọṣẹ kan já wọ ààfin Baálẹ̀ Ọláṣẹ̀hìndé ní Nima, nílùú Accra, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì bá gbogbo ìgbìmọ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu kókò gbígbóná, ẹ̀kọ mímu àwọn ará Gánà. Ààfin là ń pè é o. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí páànù rẹ̀ ń jò, tó ní ẹnu ọ̀nà kan lápá ọ̀tún àti òmíràn lápá òsì. Ṣùgbọ́n ibi tí Baálẹ̀ àwọn Yorùbá bá jókòó sí, ààfin ni, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa lọ.

Àkànkẹ́ ló gbé ẹjọ́ wá. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń se ọṣẹ dúdú, láti àdúgbò Cow Lane títí tó fi kó wá sí Nima. Àláta sàmínà ni àwọn ará Gánà ń pe ọṣẹ náà. Àláta ni orúkọ tí wọ́n fún àwa Yorùbá, sàmínà sì ni ọṣẹ, nítorí náà orúkọ gbogbo wa ló wà lára ọṣẹ Àkànkẹ́. Kò fi ẹnu lásán wá. Ó ru ìkòkò kan wá, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níwájú Baálẹ̀, ó sì ṣí i. Omi dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn. Àlájì Àmúdà, àgbà ìgbìmọ̀, yára gbé kókò rẹ̀ kúrò nítòsí.

"Kí lèyí?" Baálẹ̀ bi í.

"Ọṣẹ ni, Bàbá."

"Irọ́ ni. Mo mọ ọṣẹ."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹjọ́ tí mo wá rò gan-an nìyẹn."

"Ta ló sọ ọṣẹ dọbẹ̀?" ni Àlájì Àmúdà wí.

Àkànkẹ́ na ìka sí ọkùnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tó wọ kóòtù onírun àgùntàn nínú ooru, tó tún so táì mọ́ ọrùn.

"Tàjùdíìnì yìí ni, ọmọ àbúrò ọkọ mi tó ti dolóògbé. Láti ìgbà tó ti ti ìlú òyìnbó dé, inú ilé mi ló ń gbé. Ẹ̀wà mi ló ń jẹ. Èmi ni mo fọ ṣòkòtò tó wọ̀ jókòó yẹn."

"Fi ṣòkòtò sílẹ̀, Àkànkẹ́."

"Mo ti fi í sílẹ̀, Bàbá. Ó ní iṣẹ́ òun ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni kí òun máa wádìí àwọn ohun tí kò le bí òkúta, tí kò sì ṣàn bí omi: ọṣẹ, ẹ̀kọ, òrí, oyin, rọ́bà. Ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ọ̀kankan nínú wọn o. Ìṣirò ló ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló wá bá mi nídìí àdógán. Ó ní, 'Ìyá, ẹ gbé orógùn yẹn jù sílẹ̀. Ẹ̀rọ ti bá yín se ọṣẹ yìí, ó sì dì. Ẹ dín omi eérú kù sí ìdajì, ẹ má rò ó rárá, yóò dì fúnra rẹ̀.' Mo gbà á gbọ́. Ọmọ tó wọ ọkọ̀ òkun lọ, tó wọ ọkọ̀ òfuurufú bọ̀, báwo ni mi ò ṣe ní gbà á gbọ́?"

"Ọṣẹ wá bà jẹ́. Se òmíràn."

"Bàbá, Sátidé yìí ni ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́!"

Gbogbo ìgbìmọ̀ ló mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀sẹ̀ tí Gánà fẹ́ di Rìpọ́blíìkì nìyẹn, tábìlì kan ṣoṣo ni wọ́n sì fún gbogbo obìnrin Yorùbá tó wà ní Accra níbi ìpàtẹ náà. Àkànkẹ́ ni ẹgbẹ́ wọn yàn láti jókòó sídìí rẹ̀. Lánàá ni àwọn ẹgbẹ́ wá wo ọṣẹ, wọ́n bá omi nínú ìkòkò, wọ́n sì ní Làtífátù ni kó lọ jókòó.

"Làtífátù!" Àkànkẹ́ ké. "Tí kò se ọṣẹ rí láyé rẹ̀! Ọṣẹ mi ló ń rà, tó ń gé, tó ń fi ewé tirẹ̀ wé. Bàbá, ẹ wo ọwọ́ mi." Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú Baálẹ̀. Omi eérú ti bó wọn títí wọ́n fi le koránkorán. Ìtìjú àná ṣì ń gbóná lára rẹ̀, ó sì ń rò ó pé bí òun bá sunkún níwájú Làtífátù, tó wà láàárín àwọn obìnrin lójú fèrèsé, ó tán. Kò sunkún.

Baálẹ̀ kọjú sí bẹ́ǹṣì. "Tàjùdíìnì, o gbọ́?"

Tàjùdíìnì dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọṣẹ náà dì."

Gbogbo èèyàn tún wo inú ìkòkò.

"Èwo ló dì?" ni Àlájì Àmúdà bi í.

"Èyí tó wà nínú ìṣirò, sà."

"Èyí tó wà nínú ìkòkò ńkọ́?"

"Ìyẹn ló ṣàṣìṣe."

"Ìkòkò ló ṣàṣìṣe?"

"Rárá, ọṣẹ inú rẹ̀ ni. Kò tẹ̀lé ìṣirò."

Baálẹ̀ rọra gbé ife kókò rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣàlàyé ìṣirò yìí fún mi bíi pé n kò lọ sí ilé ìwé rí. N kò sì lọ."

"Ẹ̀rọ kan wà ní ìlú òyìnbó, Bàbá, kọ̀ńpútà ni wọ́n ń pè é. Ó gba yàrá mẹ́ta. Gbogbo ohun tó wà láyé ló jẹ́ àkójọ hóró kéékèèké tí ojú kò lè rí: ọṣẹ, gààrí, Àlájì Àmúdà fúnra wọn."

"Yọ mí kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ."

"Ẹ má bínú, sà. Mo fi ìṣirò kó hóró ọṣẹ sínú àpótí kan. Mo sọ fún ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń tira wọn àti bí wọ́n ṣe ń fà mọ́ra. Ẹ̀rọ wá ń ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa sún sí."

"Hóró mélòó?"

"Méjìdínláàádọ́fà."

"Mélòó ló wà nínú ọṣẹ kan ní tòótọ́?"

Tàjùdíìnì wúkọ́. "Wọn kò lóǹkà, Bàbá."

"Ẹ̀wà tí Àkànkẹ́ ń bù fún ọ láàárọ̀ ńkọ́, ṣé hóró rẹ̀ ju méjìdínláàádọ́fà lọ?"

"Ó jù ú lọ dáadáa."

"Mo gbọ́. Bí hóró kan bá sá jáde kúrò nínú àpótí rẹ ńkọ́?"

"Kò lè sá, Bàbá. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jáde, ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa gbà wọlé padà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, kí àpótí kékeré lè dà bí èyí tí kò lópin."

Baálẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà ọ̀tún, ó sì wo ti òsì.

Àkànkẹ́ kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Eérú mi ńkọ́? Níbo lo kó o sí nínú àpótí?"

"Mo yọ ọ́ kúrò, Ìyá."

Àwọn obìnrin tó dúró lójú fèrèsé figbe ta.

"Eérú kì í gbọ́ràn sí ìṣirò lẹ́nu," ni Tàjùdíìnì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ wa, ohun tó bá ṣòroó ṣírò, a ó kọ́kọ́ kà á sí pé kò sí. Mo ka gbogbo hóró sí róbótó. Kò sí atẹ́gùn, kò sí iná tó ń kú, kò sí orógùn, kò sí obìnrin."

"Kò sí obìnrin?"

"Kò sí àyè fún un nínú àpótí, Bàbá."

"Àkànkẹ́," ni Baálẹ̀ wí, "ọjọ́ mélòó ni ọṣẹ rẹ fi ń dì?"

"Ọjọ́ mẹ́rin, Bàbá, bí mo bá fi méjì nínú rẹ̀ rò ó dáadáa."

"Ìwọ ńkọ́, Tàjùdíìnì? Báwo lo ṣe pẹ́ tó tí o fi wo tìrẹ?"

"Bí ẹ bá ṣẹ́jú pẹ́ báyìí, Bàbá, tí ẹ gé ìṣẹ́jú yẹn sọ́nà mílíọ̀nù kan, tí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, tí ẹ tún gé òun náà sọ́nà mílíọ̀nù kan…"

"Ó tó."

"Ọgọ́rùn-ún nínú ìyẹn ni."

"Mo ní ó tó!"

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Bàdírù ló kọ́kọ́ dìde, akọ̀wé ará Alajo tó ń bá Tàjùdíìnì lu ihò sára páálí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Accra ni wọ́n bí i sí, ọ̀rọ̀ èdè Twi kì í sì í pẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ọṣẹ yẹn dì páà, Bàbá!"

"O fọwọ́ kàn án?"

"Rárá o. Mo kà á ni. Àwọn nọ́ńbà inú ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ ń yí, wọ́n ń yí, nígbà tó yá wọ́n dúró gbagidi. Ohun tí kò bá lè mira mọ́, ó ti dì nìyẹn."

Tàjùdíìnì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kí ló dá àwọn nọ́ńbà náà dúró?" ni Baálẹ̀ bi í.

Bàdírù yíjú wo ọ̀gá rẹ̀.

"Èmi ni kó o wò."

"Wọ́n… wọ́n pa ẹ̀rọ ni, Bàbá."

"Kí lo wí?"

"Wákàtí kan ni wọ́n yá wa lórí ẹ̀rọ. Nígbà tó pé, wọ́n pa á kí ẹlòmíràn lè lò ó. Ó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé náà."

"Ọ̀gá rẹ rí lẹ́tà yìí?"

"Èmi ni mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní kò ṣe pàtàkì kóráà."

Ẹ̀rín bú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àkànkẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún tó ti fi sùn, tó fi jí nídìí àdógán, torí pé wákàtí ẹnì kan pé nílùú òyìnbó ló fi di omi.

Làtífátù ló kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ jẹ́rìí gbe Tàjùdíìnì.

"Bàbá, ọmọ yìí kò jẹ̀bi. Ọṣẹ dì. Mo yà nílé Àkànkẹ́ ní Jímọ̀, mo fọwọ́ kan ọṣẹ náà, ó le bíi bíríkì. Àkànkẹ́ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́ lẹ́yìn náà."

"Ó dáa. Ta ló wá lọ sọ fún ẹgbẹ́ lánàá kí wọ́n wá wo ìkòkò?"

"Èmi ni, nítorí orúkọ gbogbo wa."

"Kí lo sọ fún wọn gan-an?"

"Pé omi ni. Pé ó ń ṣàn bọ̀ọ̀rọ̀bọ̀ láti Jímọ̀ tí mo ti…" Ó pa ẹnu dé.

"Jókòó, Làtífátù. Mo ti rí ọ."

Àlájì Àmúdà ló ku ìbéèrè kan fún. "Tàjùdíìnì, iṣẹ́ yìí tó o ṣe, o ti kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Mo ti kọ ọ́, sà. Wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ láìpẹ́. Ó fi hàn pé ọṣẹ dúdú lè dì láìsí rírò."

"Orúkọ Àkànkẹ́ wà níbẹ̀?"

"Ó wà… nísàlẹ̀, lápá ìparí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ 'obìnrin ìbílẹ̀ kan'."

Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú Àkànkẹ́. "Obìnrin ìbílẹ̀ kan? Èmi tí mo fi ọṣẹ yìí kan náà wẹ̀ ọ́ ní kékeré? N kò lórúkọ?"

Tàjùdíìnì wolẹ̀.

Baálẹ̀ ṣe họ́ọ̀.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Àkànkẹ́ yóò gbé àdógán rẹ̀ wá sẹ́yìn ààfin lónìí, yóò po ọṣẹ tuntun pẹ̀lú eérú pípé. Tàjùdíìnì ni yóò rò ó. Òun ni yóò pọnmi, òun ni yóò wá igi, ẹnu ọ̀nà ọ̀tún ni yóò máa gbà jáde, ti òsì ni yóò máa gbà wọlé, bíi hóró inú àpótí rẹ̀. Bó bá ṣi ẹnu ọ̀nà gbà, kó da omi nù, kó tún lọ pọn. Bó bá fẹ́ wẹ̀, ìwé tí ọṣẹ ti dì sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi wẹ̀. Yóò kọ lẹ́tà sí àwọn tó fẹ́ tẹ ìwé náà pé pípa ni wọ́n pa ẹ̀rọ, yóò sì kọ orúkọ Àkànkẹ́ sókè, níbi tí ojú kọ́kọ́ máa ń dé. Ní ti oúnjẹ, hóró ẹ̀wà méjìdínláàádọ́fà ni lójoojúmọ́. Bàdírù ni yóò máa kà á."

"Bàbá!" Tàjùdíìnì dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù. "Méjìdínláàádọ́fà kò lè yó mi!"

"Ìṣirò rẹ ní ó tó. Bí ikùn rẹ bá ní kò tó, ikùn ló ṣàṣìṣe."

"Tábìlì ńkọ́, Bàbá?" ni Àkànkẹ́ bi í.

"Bí ọṣẹ bá dì kí Jímọ̀ tó parí, ìwọ lo ni ín. Làtífátù ni yóò sì ru ọṣẹ náà débẹ̀, torí ó ti mọ bí a ṣe ń gbé ọṣẹ rẹ kiri. Bí kò bá dì, kí Làtífátù jókòó."

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kóòtù bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́rú, táì ni wọ́n fi so igi ìdáná. Tàjùdíìnì ń rò ó, ó ń làágùn, ó ń gba ọ̀tún jáde, ó ń gba òsì wọlé, àwọn ọmọge Nima sì ń yà wò ó bí wọ́n bá ń lọ wọ ọkọ̀ tróótróò. Àkànkẹ́ jókòó tì í lórí àpótí, ó ń wo inú ìkòkò, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí pé títí di àárọ̀ Jímọ̀, omi ṣì ni. Làtífátù kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ó béèrè bí iṣẹ́ ti ń lọ.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, Tàjùdíìnì dúró lójijì. Ó tún orógùn yí lẹ́ẹ̀kan, ó fà á, ó dúró.

"Ìyá, ó ti ń dì."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Kò síwèé lọ́wọ́ rẹ."

"Apá mi ló sọ fún mi."

Àkànkẹ́ dìde. Ó fi ìka tẹ ọṣẹ, ìka kò rì. Làtífátù ti lọ wá òṣùká láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Àkànkẹ́ kò wò ó. Ó lọ sídìí ìkòkò ẹ̀wà, ó bù ú kún àwo fọ́fọ́, ó gbé e fún Tàjùdíìnì. Bàdírù na ọwọ́ pé kí òun kà á, Àkànkẹ́ gbá ọwọ́ náà dànù.