Oníbúrẹ́dì Tó Pe Itọ́ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Lẹ́jọ́

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹni tó pè é gan-an ló wá ń wá ibi tó máa gbà sá. Oníbúrẹ́dì kan ni, tó fúnra rẹ̀ sọ ara rẹ̀ ní Irin, torí ó ní àìsàn ò mọ ilé òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà ló pè lẹ́jọ́.

"Kí ni wọ́n fi ṣe ọ́?" Kábíyèsí bi í.

"Kábíyèsí, ibà gbé mi dè, mi ò lè po ìyẹ̀fun. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní kòkòrò àìrí kan ti ń gbé inú mi láti kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kó o ràn mí. Wọ́n máa ń rún ẹran lẹ́nu kí wọ́n tó fi bọ́ mi."

"Kí lo wá fẹ́?"

"Kí wọ́n má gbé ọmọ mi tuntun mọ́ láé."

"Ìwọ ńkọ́? O kì í fẹnu ko ọmọ lẹ́nu?"

"Èmi kẹ̀? Kò ṣẹlẹ̀ rí."

Kábíyèsí kọjú sí ẹ̀gbọ́n. "Ṣé òótọ́ ló sọ?"

"Òótọ́ ni. Kò tíì léyín nígbà náà, ẹran ló ń ké fún. Ká ní mo mọ̀ pé á pè mí lẹ́jọ́ ni, ǹ bá gbé ẹran mi mì. Àmọ́ tó bá dá a lójú pé kòkòrò mi ni, kó dá a padà. Mi ò fi tọrẹ."

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pe nọ́ọ̀sì.

"Kòkòrò yìí ló fa ibà yẹn?"

"Rárá o, Kábíyèsí, ọ̀fìnkìn ló fà á. Kòkòrò yìí wọ́pọ̀. Tó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́, á kàn máa sùn ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara ò fọkàn tán an. Bí èèyàn ṣe ń dàgbà, àwọn tó ń ṣọ́ òun nìkan á máa pọ̀ sí i, àwọn tó máa kojú àìsàn tuntun á máa dín kù."

Oníbúrẹ́dì gbọ́ èyí, ojú tì í. Ó rántí bó ṣe kó gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ẹnì kan tó jí búrẹ́dì jẹ, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, tí eku fi jẹ ìyẹ̀fun tán ní yàrá ẹ̀yìn. Àṣé ara òun náà ò gbọ́n ju òun lọ.

"Ta ló tún ní in?" Kábíyèsí bèèrè.

"Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Èmi náà ní in. Ó ṣeé ṣe kí Kábíyèsí náà ní in."

Àwọn ìjòyè sún kúrò lára ara wọn. Ìyàwó oníbúrẹ́dì bá dìde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́.

"Kábíyèsí, ẹ wo ẹnu ọmọ."

Ìyẹ̀fun ló funfun yí i ká.

"Irin," Kábíyèsí ní, "ìyẹ̀fun ta nìyẹn?"

"Tèmi ni, Kábíyèsí. Irin náà máa ń dógùn-ún."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, mi ò bímọ. Òun ni mo fi ṣe ọmọ. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń yọjú wo ọmọ yìí bí ẹni tó wá mú iná. Ó ń dùn mí."

"Nọ́ọ̀sì, gbígbé ọmọ burú bí?"

"Kò burú. Kí wọ́n ṣáà fọwọ́, kí wọ́n má fi itọ́ kàn án."

Kábíyèsí dá ẹjọ́: "Kòkòrò, mo pàṣẹ, máa sùn lọ. Ẹ̀gbọ́n, fọwọ́ rẹ, kó o gbé ọmọ rẹ. Irin, ìwọ tó o parọ́ lójú mi, títí ọmọ yìí yóò fi lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tó, àpò búrẹ́dì ni wàá máa fi bo ẹnu nínú ilé. Bẹ̀rẹ̀ báyìí."

Wọ́n so ó mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó gba ọmọ, ó gbé e mọ́ àyà. Oníbúrẹ́dì wí nǹkan kan nínú àpò. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

"Mo gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Kó o tó lè sọ̀rọ̀ rárá ni mo ti ń gbọ́ ẹ. Mo ti dárí jì ẹ́."